Ibà Pọ́njú: Bí Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ti Ń Ya Àrùn Ẹ̀dọ̀ Sọ́tọ̀



Bí àwọn baba wa bá ń pàrọwà fún ẹni tí inú ń bí, wọn a ní kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ ń gbé ni. Wọ́n tún pe àìsàn kan ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, nítorí pé ó ń pọ́n ojú, ó sì ń pọ́n ìtọ̀. Orúkọ náà bá àmì àìsàn mu, ṣùgbọ́n kò sọ orísun rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni ojú lè gbà pọ́n, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba.

Bilirúbìn ni ó ń pọ́n ojú. Láti inú ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó gbó tí ó sì fọ́ ni ó ti ń wá. Ẹ̀dọ̀ a gbà á, a sọ ọ́ di ohun tí ó lè yọ́ nínú omi, a sì dà á pọ̀ mọ́ òróòro kí ó lè gba ọ̀nà tóóró kan lọ sínú ìfun. Nítorí náà, ìdíwọ́ lè wà ṣáájú ẹ̀dọ̀, ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀ gan-an, ó sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èsì mẹ́ta yẹ̀ wò. Àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, bilirúbìn kì í sábà ju 20 lọ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ALT kì í sábà ju 40, ALP àgbàlagbà kì í sì í sábà ju 130.

Ní ti èkíní, bilirúbìn jẹ́ 50, ALT 25, ALP 80. Bilirúbìn tí ẹ̀dọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí ni ó pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ibà ẹ̀fọn lè fà á. Fòníkú-fọ̀ladìde lè fà á. Káńfọ̀ inú aṣọ ọmọ tuntun lè fà á bí ẹ́ńsáìmù G6PD ọmọ náà kò bá tó. Ẹ̀dọ̀ kò jẹ̀bi níhìn-ín.

Ní ti èkejì, bilirúbìn jẹ́ 120, ALT 1,800, ALP 160. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ó yẹ kí ALT máa gbé. Bí ó bá kún inú ẹ̀jẹ̀ báyìí, sẹ́ẹ̀lì ń bàjẹ́ ni. Kòkòrò hẹpatáítìsì tàbí àlòjù parasítámọ́ọ̀lù lè fa èyí. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì kò bá ga púpọ̀, tí AST sì ju ìlọ́po méjì ALT lọ, ọtí ni a kọ́kọ́ ń fura sí.

Ní ti ẹ̀kẹta, bilirúbìn jẹ́ 180, ALT 90, ALP 600. Ara ń yún aláìsàn, ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun. Ọ̀nà òróòro ni ó ṣeé ṣe kí ó dí: òkúta tàbí jẹjẹrẹ lè dí i. Àwòrán inú ni a ó kọ́kọ́ yà, oníṣẹ́-abẹ sì lè ní iṣẹ́ láti ṣe. Àgbo kò lè ṣí ọ̀nà náà. Ẹ rántí pé ALP tún ń ti ara egungun ọmọ tí ń dàgbà àti ibi-ọmọ aláboyún wá, nítorí náà a kì í dá òun nìkan kà.

ALT ń sọ fún wa pé ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́. Kò sọ iye agbára tí ó kù fún un. Ní ìlú agégẹdú bíi tiwa, ẹ mọ̀ pé iná tí ó ti jó pákó tán kì í rú èéfín mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ALT lè wálẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti le tí ó sì ti súnkì. Albumin àti àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì ni ó ń sọ iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ṣì lè ṣe. Ó ń gba albumin ní nǹkan bí ọjọ́ 20 kí ó tó dín sí ìdajì, nítorí náà bí ó bá lọ sílẹ̀, a ń fura sí àrùn tí ó ti pẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń pẹ́ kí ó tó dì, a lè fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ fítámì K. Bí ó bá tún ṣe, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọ̀nà òróòro ni ó dí; bí kò bá tún ṣe, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń kùnà.

Èyí tí ó kàn wá jù ni hẹpatáítìsì B. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí 8 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 ni ó ní in. Ojú púpọ̀ nínú wọn kò pọ́n rárá, ALT wọn sì lè wà déédéé. Àyẹ̀wò HBsAg ni ó ń fi kòkòrò náà hàn. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Ìdí nìyí tí a fi ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárín wákàtí 24 tí a bí i.

Nítorí náà, bí a bá sọ fún yín pé ibà pọ́njú ni, ẹ má ṣe gba orúkọ yẹn nìkan lọ sílé. Ẹ béèrè pé: ṣé ẹ̀jẹ̀ ni, ṣé ẹ̀dọ̀ ni, tàbí ọ̀nà òróòro? Oníṣègùn tí ó ti ka ìwé èsì náà dáadáa yóò lè dá yín lóhùn.