Kì í Ṣe Iye Owó Nìkan

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀ka Ìmọ̀ Okòwò tí ẹ ń jáde lónìí, ẹ kú oríire.

Púpọ̀ nínú yín ló ń lé ipò ọ̀gá. Iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe jù níbẹ̀ ni ìdúnàádúrà: pẹ̀lú báǹkì, pẹ̀lú òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ìjọba. Àwọn kan rò pé ẹnu dídùn ló ń ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Etí ló ń ṣe é.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù MTN. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2015, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, bu owó ìtanràn lé wọn, nítorí pé wọn kò gé ìlà fóònù tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò pé. ₦200,000 lórí ìlà kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1.04 tírílíọ̀nù. Ọ̀gá àgbà wọn fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀lé e. NCC dín in kù sí ₦780 bílíọ̀nù. MTN gba kóòtù lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa nìyí. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, MTN fa ẹjọ́ náà padà, wọ́n sì san ₦50 bílíọ̀nù nígbà tí a kò tíì fẹnu kò sórí ohunkóhun. Ẹlòmíràn lè pè é ní ojo. Ọgbọ́n ni mo pè é, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Lóṣù Kẹta, Ààrẹ Buhari sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ ààbò ló ká ìjọba lára, kì í ṣe owó ìtanràn náà: àwọn agbésùnmọ̀mí ń lo ìlà tí a kò mọ ẹni tó ni ín. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni olórí òwò gbọ́dọ̀ máa dẹtí sí. Ẹni tó bá ń gbọ́ iye owó nìkan kò ní gbọ́ ọ.

Lóṣù Kẹfà, MTN àti ìjọba parí ọ̀rọ̀ náà sí ₦330 bílíọ̀nù, tí MTN yóò san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. MTN ṣèlérí láti pa òfin mọ́, wọ́n sì gbà láti gbé ìpín ìdókòwò wọn wá sí ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà. Ìpín náà débẹ̀ lóṣù Karùn-ún ọdún 2019. Àkókò, ọ̀nà ìsanwó, ìlérí: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ná.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà: kí ẹ tó jókòó pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ẹ mọ ohun tí ẹ óò ṣe bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀. Aláṣọ ọjà Gbági n'Ìbàdàn tó mọ̀ pé oníbàárà mìíràn ń bọ̀ kì í wárìrì bí ẹ bá ṣe bí ẹni fẹ́ lọ.

Ìdúnàádúrà àkọ́kọ́ yín kò jìnnà: owó oṣù ni. Bí iye tí wọ́n pè kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ béèrè nípa ilé, nípa ẹ̀kọ́ṣẹ́, nípa ìgbà tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.