Fá Nínú Orúkọ Ìdílé Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Obbo-Ilé)



Ọ̀rọ̀ orúkọ ni a bá wá, nítorí orúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa sí ìtìjú. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, tí a tọ́ dàgbà ní ìlú òkèèrè, wá bá wa pé kí a kéde ìgbéyàwó wọn ní ilé Ọlọ́run. Orúkọ ìdílé ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fá, ti èkejì pẹ̀lú Olú. Ìgbà tí àgbà ilé kan sọ̀rọ̀ ni a tó mọ̀ pé ọmọ baba ńlá kan náà ni wọ́n.

Ifá ni gbòǹgbò Fá. Ìdílé tí ń sin Ifá ni ó ń fi í sọ ọmọ. Fágúnwà ni pé Ifá gúnwà. Fáyẹmí ni pé Ifá yẹ mí. Fájuyì gbé ohùn Èkìtì rù, nítorí uyì ni àwọn Èkìtì ń pe iyì. Awo àti Odù jẹ́ ẹ̀ka igi kan náà, bí a ti rí i nínú Awólọ́wọ̀ àti Odùyọyè.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ Fá, wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀. Àwa olùkọ́ àti àlùfáà wà lára àwọn tí ó gbà wọ́n níyànjú. A jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Vietnam, ní 1232, ìdílé Trần tí ó gba adé lọ́wọ́ ìdílé Lý pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Lý máa jẹ́ Nguyễn, orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní Ruan. Àṣẹ ọba ni ó mú wọn. Ọba wo ni ó mú wa?

Ẹnìkan lè wí pé: ẹni tí kò sin Ifá mọ́, ǹjẹ́ irọ́ kọ́ ni orúkọ rẹ̀ ń pa? Rárá o. Orúkọ tí a sọ ọmọ jẹ́ àdúrà. Ẹ fi Olú sí i bí ó ti wù yín. Orúkọ bàbá jẹ́ ẹ̀rí: kò sọ ẹni tí a ń sìn, ẹni tí ó bí wa ni ó ń sọ. D. O. Fágúnwà, tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, Onígbàgbọ́ ni, olùkọ́ ni. Síbẹ̀ kò yọ Fá kúrò lára orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí: kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ baba ńlá rẹ̀ sínú ìwé, àti gbogbo orúkọ mìíràn tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́, kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí orúkọ kò bá júwe ilé mọ́, níbo ni àwọn ọmọ wa yóò máa wò?