Odò Ẹ̀yìn Ọjà Wa àti Àwọn Ọmọ Iléèwé
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún)

Ọ̀rọ̀ odò kékeré tó ń ṣàn lẹ́yìn ìsọ̀ wa, tó ń lọ pàdé Ògùnpa, la fẹ́ bá yín sọ. Àwa tí a dàgbà n'Íbàdàn ò lè gbàgbé 31 August 1980, nígbà tí Ògùnpa gba ẹ̀mí tó lé ní 200. Òjò ló rọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pàǹtí àti ilé tó dí ojú odò wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, tíṣà sáyẹ́ǹsì kan kó àwọn ọmọ JSS 2 wá yẹ odò wa wò, àwa kan nínú ẹgbẹ́ sì bá wọn lọ. Asẹ́ ògì la yá wọn. Ọmọ kan á fi ẹsẹ̀ da òkúta ìsàlẹ̀ omi rú, èkejì á gbé asẹ́ síbi tí omi ń ṣàn lọ, kí ohun tó bá tú jáde lè kó sínú ẹ̀. Lókè odò, kí omi tó dé ọjà, wọ́n rí kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ní ìrù mẹ́ta. Tíṣà ní irú ìyẹn kì í pẹ́ kú bí omi bá bàjẹ́. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ ọjà, ìdin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló kù. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà lára ẹ̀ ló ń bá a gba ọ́síjìn pamọ́, òun ló fi lè gbé níbi tí ẹja ò lè gbé.

Kí ló ń jẹ ọ́síjìn inú omi tán? Ewé ẹ̀fọ́, èèpo iṣu, omi ata, ẹ̀jẹ̀ ẹran: bí wọ́n bá ti ń jẹrà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ wọ́n ló ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná kì í gbà á púpọ̀. Bí omi bá gbóná dé dígírì 30, kò lè gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 7.5 lọ nínú lítà kan. Ẹ wá wo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọmọbìnrin kan bi wá pé ṣé omi òkè yẹn, tó mọ́ lójú, ṣe é fọ ẹ̀fọ́. Ìbéèrè yìí gún wa lọ́kàn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Tíṣà ní asẹ́ kì í mú kòkòrò onígbáméjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kòkòrò E. coli kan nínú mílílítà 100 omi mímu. Láàbù nìkan ló lè rí ìyẹn. Àwa ò fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni fọ ẹ̀fọ́ tàbí tòmátì nínú odò náà, bó ti wù kí kànga jìnnà tó.

A wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́, ká fi ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́síjìn fún àwọn ọmọ náà, ká sì máa san owó láàbù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn kan ti ń kùn pé ẹgbẹ́ owó yíyá kọ́ ló ni odò. Ẹ jọ̀ọ́, ìlànà keje tí àjọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbáyé fọwọ́ sí ní 1995 ní ká máa ro ti àdúgbò mọ́ tiwa. Alága á gbé e kalẹ̀ fún ìbò lẹ́yìn oúnjẹ. Tíṣà ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀. Asẹ́ mẹ́rin ló ní ká bá òun wá.