Ta Ló Wà Nídìí Ọpọ́n? Ènìyàn, Kọ̀ǹpútà àti Ìjà Orí Ayò

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ará Satellite Town, Amuwo-Odofin)

Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Ẹni tó bá mọ ìdí tá a fi ń kí ọ̀ta tó mọ ayò dunjú àti ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n ta pọ̀ ti mọ ìdajì ohun tí mo bá wá. Nídìí ayò, ihò 12 ni, ọmọ ayò 48 ni, ṣùgbọ́n ojú tó ń wò ó pọ̀ ju ìka tó ń ta á lọ. Bí ẹnì kan bá yọ́ fi ọmọ méjì sílé kan, bàbá tó jókòó lórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀ á ní, "Dá a padà!" Á dá a padà, ayò á sì máa lọ.

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa gbé fóònù tọ̀ mí wá, omi lójú rẹ̀. Ó ń ta chess pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nínú ìdíje kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n mú iná lọ, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tẹ̀ lé e, nígbà tó fi máa padà wọlé, aago rẹ̀ ti tán. Wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé ó pàdánù. "Bàbá, ẹ wò ó, mo ti ń pa á." Mo wò ó. Ọba kọ̀ǹpútà há sí kọ̀rọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún un. Ọmọ náà kọ̀wé sáwọn tó ṣètò ìdíje. Wọ́n ní òfin ni òfin.

Irú ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ga ju ọmọ yẹn lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, Garry Kasparov, ọmọ Rọ́ṣíà tó jẹ́ ọ̀ta gbogbo ayé, jókòó ní New York níwájú Deep Blue, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ IBM tó lè yẹ ipò 200 mílíọ̀nù wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kasparov pa á nínú ayò àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì ni ọ̀ràn yíwọ́. Ẹran wà níwájú ẹ̀rọ náà, ó lè jẹ ẹ́, kò jẹ ẹ́. Ó kọ́kọ́ dínà mọ́ alátakò rẹ̀ ná. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí Kasparov ti bá ta rí, oúnjẹ ni wọ́n máa ń sá tọ̀. Ẹ̀rù bà á, ó jọ̀wọ́ ayò. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó sọ fún un pé ayò tó jọ̀wọ́ yẹn, ọ̀mì ni ì bá já sí. Ó fura pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú ẹ̀rọ náà, ó ní kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ohun tó rò wá. Wọn ò gbé e fún un nígbà tó béèrè. Ẹ̀yìn ìdíje ni wọ́n tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Deep Blue borí pẹ̀lú 3½ sí 2½ lọ́jọ́ 11 oṣù náà. Kasparov ní kí wọ́n tún un ta, IBM kọ̀, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà.

Èmi ò gbà pé ẹnikẹ́ni sá pamọ́ sínú Deep Blue. Síbẹ̀, ohun tí Kasparov béèrè tọ́ sí i. IBM ló ni ẹ̀rọ, IBM ló gbé owó ìdíje kalẹ̀, IBM náà ló mú àkọsílẹ̀ dání. Ẹ fi ọpọ́n sínú yàrá ẹnì kan, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ó máa jáde wá sọ fún yín pé òun ti jẹ ọmọ mẹ́rin. Bí olóòótọ́ bá tilẹ̀ ni, ta ló máa gbà á gbọ́?

Ẹ wo iṣẹ́ tó yàtọ̀ sí ti IBM. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije, Amsterdam, fi ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 yanjú Awari, ọmọ ìyá ayò ọlọ́pọ́n tiwa. Wákàtí 51 ló gbà. Ipò tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 889 bílíọ̀nù. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣi ọmọ kan sọ, ọ̀mì ni. Wọ́n gbé èsì síta kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn gan-an.

Ẹ jẹ́ n padà sórí iná. Nínú Olympiad orí íntánẹ́ẹ̀tì tí FIDE, àjọ chess àgbáyé, ṣe lọ́dún 2020, ìsopọ̀ Haik Martirosyan ti Àméníà já lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹjọ níbi tó ti ń bá Nihal Sarin ti Íńdíà ta. Àméníà pẹjọ́, ìgbìmọ̀ kò gbà fún wọn, Àméníà bínú fi ìdíje sílẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni àṣekágbá láàárín Íńdíà àti Rọ́ṣíà. Íntánẹ́ẹ̀tì dàrú káàkiri ayé, ó mú Nihal yìí kan náà àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ Íńdíà, Divya Deshmukh, aago wọn tán. Ààrẹ FIDE, Arkady Dvorkovich, ní kí orílẹ̀-èdè méjèèjì gba wúrà.

Mi ò ṣe ìlara wúrà wọn. Ti Àméníà ló ń dùn mí. Àwọn kan á ní ti ọjọ́ àṣekágbá kárí ayé, ti Àméníà mọ sí ilé kan. Ẹ̀yin ará mi, ilé kan ni tiwa náà máa ń mọ sí! Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, gbogbo Èkó ló mọ̀, ọ̀pọ̀ báǹkì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí tiransifọ́mà òpópónà kan bá jóná, ta ló máa gbọ́? Òfin tó jẹ́ pé ìgbà tí gbogbo ayé bá ṣókùnkùn nìkan ló ń ṣàánú kò mọ Satellite Town. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kì í wá dátà, kì í sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ ní àárín ayò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìdíje báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọmọ kan, ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí iye ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ máa dúró de ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́. Ẹ wá ẹni tí kò sí nínú ìdíje kó máa pa àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà mọ́. Ẹ máa kọ gbogbo ìrìn sórí bébà pẹ̀lú, nítorí bébà kì í wá iná.

Ọmọkùnrin ọjọ́ yẹn ńkọ́? Mo gbé pátákó chess mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a to ohun tó wà lórí fóònù rẹ̀ sí i bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Èmi gba ti kọ̀ǹpútà. Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì wá dúró, àwọn ọkùnrin méjì tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ dúró, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tan tọ́ọ̀ṣì sí wa. Mo gbé ọba mi gba ọ̀nà kan tó kù fún un. Ọmọ náà ronú pẹ́, ó fa ayaba rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lójú gbogbo wọn ni mo tẹ ọba mi sílẹ̀.