Ẹnu Tó Mọ Adùn: Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Ilé àti Bíà Òkèèrè

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdún ìbílẹ̀ ní Adja-Ouèrè

 

Bí àlejò bá wọ ilé lọ́jọ́ ọdún, omi tútù ni a kọ́kọ́ ń gbé fún un. Lẹ́yìn omi, obì. Lẹ́yìn obì, ọtí. Láyé àtijọ́, bí igbá ọtí bá dé ọwọ́ àlejò, yóò fẹ́ ìfófó orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, yóò tọ́ ọ wò, yóò sì béèrè pé, "Ta ló pọn ọtí yìí?" Lónìí, ìgò ni wọ́n ń ṣí. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù ni pé, "Ṣé ó tutù?" Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ohun tó sọnù láàárín ìbéèrè méjèèjì yìí.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rìn jìnnà kó tó padà wálé.

Ọtí kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní rye IPA. IPA ni ìkékúrú India pale ale, ìyẹn bíà aláwọ̀ fífẹ́rẹ̀ẹ́ ti Índíà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Índíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọ́n, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Hodgson ní iléeṣẹ́ ọtí ní Bow, ní Lọ́ńdọ̀nù, bíà rẹ̀ sì ń bá ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Índíà. Ọkọ̀ náà á lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà lójú òkun, á yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po. Ooru á mú àgbá ọtí, ìgbì á máa gbé e sọ sókè sódò. Bíà tí kò lágbára á ti kan kó tó dé èbúté. Ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bò ó ni òdòdó ewéko kan tó korò, tí àwọn Faransé ń pè ní houblon. Houblon kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń mú ọtí kan ráyè. Nígbà tó pẹ́, ìkorò tí wọ́n fi ṣe oògùn ìrìn-àjò di ohun tí ẹnu wọn fẹ́ràn.

Ọkà ráì, tí àwọn Faransé ń pè ní seigle, jẹ́ ọkà ilẹ̀ òtútù tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì dúdú. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kún ọkà bálì tí wọ́n fi ń pọn bíà, ọtí náà á ki díẹ̀ sí i, á sì máa ta ahọ́n bí iyèré. Ẹni tó bá gbé irú ọtí bẹ́ẹ̀ sókè nínú ife yóò rí i pé ó pọ́n rúsúrúsú bí oyin. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dà bí èèpo ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, lẹ́yìn náà bí oje igi. Bó bá kan ahọ́n, adùn búrẹ́dì ló máa ń ṣíwájú. Títa ráì á tẹ̀ lé e. Bó bá ti kọjá ọ̀fun tán ni ìkorò á wá jókòó sẹ́yìn ahọ́n, tí kò ní tètè dìde. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fajúro. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ orógbó rí, tó ti fi ewúro tí a kò fọ̀ jù jẹ iyán rí, kò ní sá fún un. Yóò mọ̀ pé ìkorò kan wà tó ń bi ni, òmíràn sì wà tó ń ṣí ẹnu.

Báwo ni ọkà búrẹ́dì ṣe wọ inú ìgò bíà yìí? Ní Amẹ́ríkà, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo àwọn kéékèèké mì, tí bíà ibi gbogbo fi di ọ̀kan náà. Ní 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gba aráàlú láyè láti máa pọn bíà nínú ilé ara wọn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò nínú ilé ìdáná. Wọ́n fi ráì sí i, wọ́n fi èèpo ọsàn sí i, wọ́n sì ń pe ara wọn jọ láti tọ́ ọ wò. Àwọn iléeṣẹ́ ọtí tí kò tó 100 nígbà náà ti ju 9,000 lọ lónìí, kéékèèké ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ń pè é ní iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń tà á lówó gọbọi, wọ́n sì ń kọ ìwé lórí adùn rẹ̀.

Ó yẹ kí èyí mú ará Adja-Ouèrè rẹ́rìn-ín, kó sì mú un ronú. Nítorí pé ohun tí wọ́n padà lọ wá yẹn, àwọn ìyá ilẹ̀ Yorùbá kò fi í sílẹ̀ rí títí di àná. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni orúkọ rẹ̀ bó bá jẹ́ ti àgbàdo. Ìbátan rẹ̀ ni tchakpalo tí wọ́n ń tà lọ́nà Cotonou àti Bohicon, ìbátan rẹ̀ sì ni tchoukoutou, ọtí ọkà bàbà ti àwọn ará àríwá Benin.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá tó fẹ́ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ á ṣa àgbàdo, á yọ èyí tó bu àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, á sẹ́ omi rẹ̀, á tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀, á sì fi ewé bò ó títí á fi hù. Èéhù yẹn gan-an ni àṣírí ọtí. Bí ọkà bá ń hù, ó ń sọ ìyẹ̀fun inú ara rẹ̀ di ṣúgà láti fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyá náà á dá a dúró kó tó lo ṣúgà náà tán: á sá a sóòrùn kó gbẹ, á lọ̀ ọ́, á pò ó mọ́ omi, á sè é, á sì sẹ́ ẹ. Omi tó bá jáde dùn bí oyin, kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Bó bá tutù tán, á mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó kọjá, á dà á sí i. Títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìkòkò náà á ti máa hó fúnra rẹ̀ láìsí iná lábẹ́.

Ní 1876, Louis Pasteur, onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí bíà. Ó fi hàn pé ohun alààyè tí ojú lásán kò rí ló ń sọ omi ọkà di ọtí, àti pé àwọn mìíràn tó jọ ọ́ ló ń bà á jẹ́. Ìyá tó ń tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú igbá tó mọ́, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ìdọ̀tí kàn án, kò ka ìwé Pasteur. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ìwé náà.

Wàyí o, bí a bá gbé ahá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ọjọ́ kejì sókè bí òyìnbó ṣe ń gbé ife rẹ̀, kí ni ènìyàn yóò rí? Àwọ̀ rẹ̀ kò mọ́ gaara. Ó dà bí omi odò lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nítorí ọkà ṣì wà nínú rẹ̀. Ìfófó rẹ̀ tín-ínrín, ó sì ń tú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Òórùn rẹ̀ jọ ti ògì tuntun àti àgbàdo sísun, èéfín igi ìdáná sì fara hàn nínú rẹ̀. Lórí ahọ́n, adùn ló dé, kíkan sì ń tẹ̀ lé e gìrìgìrì bí omi ògì, tí itọ́ á fi sun lábẹ́ ahọ́n. Bí a bá gbé e mì, kò fi ìkorò sílẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ ni kíkan fúyẹ́, bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́, tó ń pe oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí ó fi bá àkàrà gbígbóná mu, tó sì bá ẹran sísun mu.

Ìyàtọ̀ pàtàkì tó wà láàárín àwọn ọtí méjèèjì ni pé wọ́n pọn ọ̀kan fún ìrìn-àjò, wọ́n sì pọn èkejì fún ilé. IPA korò kó lè pẹ́ lójú òkun. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í pẹ́. Lọ́jọ́ kìíní ó dùn, lọ́jọ́ kejì ó gún, lọ́jọ́ kẹta ó kan, lẹ́yìn ìyẹn ó di ti ilẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó lè gbé e lọ sí Índíà. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún gbọ́dọ̀ wá síbi tí wọ́n ti pọn ọ́n, kó sì bá ẹni tó pọn ọ́n sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n pọn bá kú láìfi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọtí náà kò sí mọ́ níbì kankan láyé. Kò sí ìgò kan tí a ó lọ rà láti fi rántí rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn nìyí.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọkà ilẹ̀ yìí kò tó fún bíà gidi. Ní 1988, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó gbà pé bíà kò lè ṣe láìsí bálì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, wọ́n sì ń pọn bíà títí di òní. Àwọn onímọ̀ níbẹ̀ dán ewúro àti orógbó wò dípò houblon. Ohun tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi owó púpọ̀ lọ wá.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní apá kan. Láyé ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹmu ni ìtàn sọ pé ó mú Ọbàtálá sùn lọ́nà, tí iṣẹ́ dídá ayé fi bọ́ sí ọwọ́ Odùduwà. Àwọn àgbà kò fi ìtàn náà yin ọtí. Ọ̀rọ̀ ìtọ́wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmutípara, kò sì kan ọmọdé, aboyún tàbí ẹni tó fẹ́ gun zémidjan. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí láyè, omi ọkà dídùn tí kò tíì hó wà fún un. Àgbàdo tó bu léwu, nítorí májèlé inú rẹ̀ kì í kú nínú omi gbígbóná. Ní 2015, ní Ìpínlẹ̀ Ondo àti Rivers, ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú nítorí ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bi léèrè pé "Ta ló pọn ọtí yìí?" mọ́, kò lè mọ ohun tó ń mu.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ní 1516, ní Bavaria, nílẹ̀ Jámánì, wọ́n ṣòfin pé bálì, houblon àti omi nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn bíà. Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn onímọ̀ ìtàn máa ń sọ fún un ni kí ráì àti àlìkámà lè kù fún búrẹ́dì. Bí àgbàdo bá wọ́n ní Ikpinlè, ìkòkò ògì ló yẹ kó ṣíwájú ìkòkò ọtí. Àwọn ìyá àtijọ́ mọ èyí. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ń pọntí, kì í ṣe nígbà ìyàn.

Kí ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ ìlú gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àwọn ìyá bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú àwọn àgbà tó mọ ẹnu. Kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n sì fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n rí: ó dùn ni, ó kan ni, ó ki ni, ó tẹ́ ni. Ọmọ tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní rò pé "ó tutù" nìkan ni Yorùbá mọ̀ nípa ọtí. Lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn kíláàsì ìmọ̀-ọ̀n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà tó ń lọ ní kòmúùnù kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tó ṣì mọ̀ ọ́n: ọjọ́ mélòó, òṣùwọ̀n mélòó, ewé wo, igi wo. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí àwọn aláṣẹ wá àyè tó mọ́ àti omi tó mọ́ fún àwọn ìyá wọ̀nyí lọ́jà, kí ilé ìwòsàn sì máa là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí àgbàdo tó bu. Èyí kò ní ná owó púpọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn ìyá mọ iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ mọ ìwé. Bí ọwọ́ méjèèjì bá pàdé lórí ìkòkò kan náà, àlejò tó bá wá ṣọdún ní Adja-Ouèrè ní ogún ọdún sí i yóò ṣì gba igbá lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n pọn. Yóò fẹ́ ìfófó sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tọ́ ọ wò, yóò sì béèrè pé, "Ta ló pọn ọtí yìí?" Orúkọ ènìyàn kan yóò sì wà láti dá a lóhùn.