Àgbá Tí Ó Gúnlẹ̀ Sí Koko

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì dáyé ní ọdún 1988 nígbà tí àṣírí Koko tú. Ìlú kékeré elébùúté ni Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, èyí tí ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Oníṣòwò ará Ítálì kan ni ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá wá síbẹ̀, tí ó sì háyà àgbàlá ọmọ ìlú kan láti tò wọ́n sí. Ìdọ̀tí olóró láti ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni ó wà nínú wọn. Ìwọ̀n rẹ̀ súnmọ́ 4,000 tọ́ọ̀nù.

Àwọn ará ìlú kan da ohun inú àgbá nù, wọ́n sì fi àgbá náà gba omi. Ta ni yóò bá wọn wí? Ohun èlò ni àgbá òfìfo lójú ẹni tí ó mọ iyì owó. Títún nǹkan lò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìmọ ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀ ni ewu.

Kì í ṣe ìjọba ni ó kọ́kọ́ pariwo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Ítálì, ọ̀dọ́ bíi tiyín, ni wọ́n kọ̀wé ránṣẹ́ sílé. Àwọn onímọ̀ láti Bírítéènì àti Amẹ́ríkà wá yẹ àgbá náà wò, a sì mú Ítálì kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Karin B gbé apá kan nínú rẹ̀ lọ, orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ní Yúróòpù kò jẹ́ kí ó gúnlẹ̀ kí Ítálì fúnra rẹ̀ tó gbà á. Wọ́n mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àbí?

Ní oṣù kẹta ọdún 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí Àdéhùn Basel, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992. Amánà ni ó dá lé: kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹni tí yóò gba ìdọ̀tí olóró gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó jẹ́, kí ó sì fọwọ́ sí i. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Bamako ní 1991. Wọ́n ní kí a má tilẹ̀ gbé e wọlé rárá.

Yunifásítì Ìbàdàn ni ibùdó Àdéhùn Basel fún ilẹ̀ Áfíríkà wà. Ní 2015 àti 2016, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti ti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ dúró ní èbúté Èkó, wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ wò: tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, kọ̀ǹpútà. Èyí tí ó wọlé lọ́dún kan tó 60,000 tọ́ọ̀nù. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni a kó èyí tí ó pọ̀ jù sí. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n dán wò, ó kéré tán 19 ni kò ṣiṣẹ́.

Orí ààtàn ni irú wọn ń já sí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sun waya kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà, tí èéfín májèlé sì ń wọ inú wọn. Ẹ̀rọ tí ń bó waya láìsun ún wà. Ọ̀bẹ pàápàá lè bó o, àmọ́ kò yá bí iná.