Àtúnṣe Ilé Nígbà tí Iṣẹ́ Oṣù Kò Fẹsẹ̀ Múlẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ lónìí kan gbogbo olówó oṣù tí ó ní ilé lórí. Bí iṣẹ́ ẹni kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́, tí ilé ẹni sì ń jò, ṣé kí ènìyàn tún ilé ṣe ni, tàbí kí ó di owó ọwọ́ rẹ̀ mú?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ojo. Ní ọdún 1975, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Murtala Mohammed, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ju 10,000 lọ ni a yọ níṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ẹlòmíràn jí ní òwúrọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, ilẹ̀ ọjọ́ náà sì ṣú bá a láìníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdúró náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí ó sì fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa díye lé e, owó sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù fò sókè. Ẹni tí ó ti ń fi àtúnṣe falẹ̀ láti èṣí wá rí i pé owó tí ó tó òrùlé tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn, aya ń ta aṣọ. Ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí baba ọkọ fi sílẹ̀, ni wọ́n ń gbé. Páànù ti dípẹtà, ògiri yàrá kan sì ti sán. Akẹ́kọ̀ọ́ ń dínkù ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, a sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn olùkọ́ kan yóò lọ. Owó tí wọ́n fi pamọ́ lè bọ́ ìdílé fún oṣù mẹ́fà. Ó sì lè tún ilé ṣe pátá. Kò lè ṣe méjèèjì.

Aya ní, “Olówó orí mi, bí ilé bá ń dán tí àwọn ọmọ jókòó sílé nítorí owó ilé-ìwé, kí ni èrè rẹ̀?”

Ọkọ fèsì pé, “Ìyàwó mi, bí òjò bá wó ilé yìí, owó wo ni a ó fi gba ilé mìíràn?”

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ohun tí ó dà wọ́n rú ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe ohun méjì. Àtúnṣe kan wà tí ó ń dá ilé dúró; òmíràn wà tí ó ń tẹ́ ojú lọ́rùn. Nígbà tí omi bá gba ojú ihò ìṣó wọlé, yóò rẹ igi òrùlé, igi yóò jẹrà, ikán yóò dé. Bí omi náà bá ṣàn dé orí ògiri alámọ̀, amọ̀ yóò rọ̀, ògiri yóò sì ya. Páànù mẹ́wàá tí a kò pààrọ̀ lónìí lè di odindi ògiri lọ́la. Wáyà iná tí ara rẹ̀ ti bó náà kò ṣeé fi sílẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò ní táìsì, ọ̀dà tí ó ti ṣá, géètì àtijọ́, gbogbo ìwọ̀nyí lè dúró fún ọdún méjì kí ilé má sì wó.

Kí onílé tó fọwọ́ kan owó, kí ó kọ́kọ́ ka iye oṣù tí ìdílé rẹ̀ lè fi jẹun láìsí owó oṣù. Kí ó wo ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀, kí ó mọ iye ọjọ́ tí a ó fún un kí a tó dá a dúró. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé ẹni 50 ọdún lè gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ó wà lórúkọ rẹ̀, bí kò bá rí iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin. Ta ni yóò bọ́ ìdílé ní oṣù mẹ́rin wọ̀nyẹn? Owó oúnjẹ oṣù mẹ́rin, ó kéré tán, kì í ṣe owó àtúnṣe ilé.

Kí ó má sì yáwó lé owó oṣù tí kò dá a lójú. Nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, bí owó oṣù bá dúró, ọrùn onídùúró ni gbèsè ń bọ́ sí. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó yáwó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lóko olówó títí gbèsè yóò fi tán. Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè kò tíì yí ìwà padà.

Àtúnṣe tí ó bá pọn dandan, kí a ṣe é kí òjò oṣù kẹrin tó dé. Páànù àti ìṣó ṣeé fi owó àjọ rà díẹ̀díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kò ṣeé kó pamọ́ pẹ́, nítorí ọ̀rinrin a máa sọ ọ́ di òkúta nínú àpò.

Nípa báyìí, tọkọtaya yẹn lè pààrọ̀ páànù orí yàrá tí ó ń jò, kí wọ́n dí ògiri tí ó sán, kí owó oṣù mẹ́rin sì wà nílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Ọkọ yóò sùn láìbẹ̀rù òjò, aya yóò sùn láìbẹ̀rù owó ilé-ìwé. Bí àlejò bá fi ilẹ̀ tí kò dán ṣẹ̀sín, kí wọ́n rántí pé àlejò kọ́ ni yóò bá wọn bọ́ ọmọ. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.